Ẹ má tíì ta láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ yẹn, ẹ kọ́kọ́ wo ekùrọ́ inú rẹ̀

Lóṣù kọkànlá ọdún 2025, ní Otigba n'Ìkẹjà, ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe wo láptọ́ọ̀pù mi, ó mi orí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, eléyìí ti lọ." Mo ní lọ síbo? Ẹ̀rọ tí mo fi kọ̀wé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tó ń tàn, tó ń dún, tí bátìrì rẹ̀ ṣì ń gbé mi fún wákàtí mẹ́ta? Ó ní kì í ṣe pé ó bàjẹ́, Windows 10 orí rẹ̀ ló ti parí, Windows 11 ò sì ní gbà á wọlé. "Ẹ jẹ́ ká bá yín tà á, kẹ́ ẹ fowó díẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ gbé tuntun." Tuntun tó ń nawọ́ sí náà, tòkunbọ̀ ni. Sítíkà iléèwé ẹni tó lò ó ṣáájú ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọmọ yẹn ò parọ́ fún mi o. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, àfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún ọdún kan. Windows 11 tí wọ́n gbé jáde ní 2021 ní ohun tó ń bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ: TPM 2.0, Secure Boot, àti processor tó bá wà nínú ìwé orúkọ tí wọ́n kọ sílẹ̀. Lọ́dọ̀ Intel, bí a bá yọ ìwọ̀nba díẹ̀ sílẹ̀, ìran kẹjọ ni ìwé orúkọ yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ìran kẹfà ni tèmi. Ẹ wá wo iye irú rẹ̀ tó wà lábíyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Akoka, n'Ífẹ̀, n'Íbàdàn, iye tó wà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tẹ̀wé fún wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀tù.

Ìwádìí kan tí yunifásítì àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé, UNU, lọ́wọ́ sí ní èbúté Èkó fi hàn pé ní 2015 àti 2016, nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù àlòkù ẹ̀rọ oníná ló ń gba ibẹ̀ wọlé lọ́dọọdún. Òkè òkun ti lò ó, wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa. Ní báyìí, ẹnì kan tó jókòó sí òkè òkun kan náà tún ti bá wa yan ọjọ́ tí a máa sọ ọ́ nù. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí nìyẹn, òun ni mo ṣe ń kọ èyí.

Mi ò tà á. Mo gbé e lọ sílé, mo fi Linux sí i.

Àwọn tó ti mọ Linux, ẹ forí jì mí, ẹ fo ìpínrọ̀ yìí àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ohun tí à ń pè ní Linux gan-an kì í ṣe àwòrán tẹ́ ẹ ń rí lójú ẹ̀rọ. Kernel ni. Òyìnbó tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn, orúkọ kan náà ló fi ń pe ekùrọ́ inú ẹyìn, torí náà ekùrọ́ ni màá máa pè é lónìí. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó pè é ní kernel tiẹ̀. Ekùrọ́ yìí ló wà láàárín ẹ̀rọ àti gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ṣí lórí rẹ̀. Ẹ tẹ lẹ́tà kan, òun ló kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ fẹ́ tan Wi-Fi, òun lẹ ń bẹ̀. Fún ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ó ní apá kan tó gbọ́ èdè ẹ̀yà yẹn, driver ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe driver dánfó o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló lè já èèyàn sílẹ̀ níbi tí kò ní lọ́kàn.

Gbogbo driver yìí ni àwọn tó ń kọ Linux kó sínú àpò kan ṣoṣo. Àpò náà ti lé ní 30 mílíọ̀nù ìlà, ó sì ju ìdajì rẹ̀ lọ tó jẹ́ driver: ti kámẹ́rà, ti káàdì tẹlifíṣọ̀n, ti kọ̀ǹpútà tó tóbi tó yàrá, ti dísìkì pẹlẹbẹ ayé àtijọ́. Kò sí ẹ̀rọ kan láyé tó nílò gbogbo rẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Torí náà, kí wọ́n tó sọ ìlà wọ̀nyẹn di ohun tí ẹ̀rọ lè lò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbéèrè ló wà láti dáhùn, lẹ́tà kan sì ni ìdáhùn ọ̀pọ̀ nínú wọn: y, pé kó wà nínú ekùrọ́ fúnra rẹ̀; m, pé kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ká máa pè é nígbà tí a bá fẹ́ lò ó; n, pé a ò fẹ́. Ìdáhùn wọ̀nyẹn lápapọ̀ ló wà nínú fáìlì kan tó ń jẹ́ .config. Ẹni tó bá dáhùn ló pinnu ohun tí ẹ̀rọ yín máa mọ̀ àti ohun tí kò ní mọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ò mọ̀ ọ́n rí, òun náà ò mọ̀ yín.

Ní tèmi, ẹni tó dáhùn sọ n níbi tó yẹ kó ti sọ m. Ọ̀rẹ́ mi kan ló fi ẹ̀yà Linux fúyẹ́fúyẹ́ kan sórí flash fún mi, nítorí RAM 4GB ni mo ní. Ó bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́. Wi-Fi gbà. Sípíkà dún. Ṣùgbọ́n touchpad, pátákó kékeré tí à ń fi ìka fà yẹn, kò mira. Mo fi mouse ṣe é fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹni tó bá ti jókòó sínú BRT rí, tó ń wá ibi tó máa gbé mouse lé lórí itan, ó mọ ohun tí mò ń sọ.

Àṣẹ kan wà, lspci -nnk, tó máa ń ka àwọn ohun tó wà lójú ọ̀nà PCI jáde pẹ̀lú driver tó ń bá ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́. Ó wúlò gan-an. Touchpad mi ò sí níbẹ̀ ṣá, nítorí ọ̀nà mìíràn ló ń gbà, I2C, tó tín-ín-rín bí ọ̀nà oko. Àárín àwọn orúkọ tí ACPI kọ sílẹ̀ ni mo ti rí i: PNP0C50, orúkọ tí wọ́n fi ń dá touchpad irú yìí mọ̀. Ó wà nílé látọjọ́ yìí, kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn ni. Mo ṣí fáìlì config tó wà nínú /boot, mo wá a kiri, mo bá a: CONFIG_I2C_HID_ACPI is not set.

Mo jókòó ti gbólóhùn yẹn fúngbà díẹ̀. Ẹ̀rọ tí mo fowó mi rà, ẹnì kan tí mi ò mọ̀ ti sọ pé mi ò nílò apá kan rẹ̀. Kò ní ibi lọ́kàn o, ó ń wá bí nǹkan ṣe máa fúyẹ́ ni. Ohun tó sì mú un yàtọ̀ sí àwọn tó ní kí n lọ ra ẹ̀rọ mìíràn ni pé òun fi ìwé ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí mo ti lè kà á. Mo lè pa á rẹ́. Mo lè kọ tèmi.

Mo lọ sí kernel.org, mo wa odindi ekùrọ́ náà wálẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, nǹkan bí 140 MB, kẹ́ ẹ yáa ṣírò dátà yín. Mo da .config àtijọ́ sínú rẹ̀, mo tẹ make menuconfig. Ojú búlúù kan ṣí, bíi ti ATM ìgbà kan. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i láti yàrá dé yàrá o, ilẹ̀ á ṣú bá yín. Ẹ tẹ àmì /, ẹ kọ orúkọ ohun tẹ́ ẹ ń wá, á sọ ibi tó wà, á tún sọ àwọn tó gbọ́dọ̀ wà kí òun tó lè wà. Àmọ́ kì í sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ fún mi pé I2C_HID_ACPI nílò I2C àti ACPI, ìyẹn sì wà. Kò sọ pé lórí ẹ̀rọ tèmi, touchpad máa gba ọ̀dọ̀ I2C_DESIGNWARE_PLATFORM kọjá. Pé MFD_INTEL_LPSS_PCI ló máa ṣílẹ̀kùn fún ìyẹn. Pé tí ìka bá kan pátákó náà, PINCTRL_SUNRISEPOINT ló máa jíṣẹ́ pé ẹnì kan ti kanlẹ̀kùn. Ẹ yọ ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, orí ike lásán lẹ ó máa fìka yí. Ó gbà mí ní odindi òru ọjọ́ kan kí n tó mọ̀. Mo fi m sí gbogbo wọn.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo tẹ make. Mo ní àpilẹ̀kọ tí mo gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ kó tó di aago méje àárọ̀ Sátidé, owó àpilẹ̀kọ yẹn sì ti níṣẹ́ tó fẹ́ ṣe. Mo ní kò sí wàhálà, kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ lábẹ́nú, kí n máa kọ̀wé lọ. Òmùgọ̀ ni mí. Processor olójú méjì, config tó kó driver gbogbo ayé mọ́ra, ooru tó ń jáde lára ẹ̀rọ náà tó láti yan bọ̀ọ̀lì. Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ ni wọ́n mú iná lọ. Bátìrì tí mo fi yangàn l'Ótigba, tó ń lo wákàtí mẹ́ta bí mo bá ń kọ̀wé, kò lo wákàtí kan bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ yìí.

Nígbà tí mo rí iná aládùúgbò tó ní jẹnẹrétọ̀ yá, mo ti ka ìwé tó yẹ kí n kọ́kọ́ kà. Ọ̀nà àbùjá kan wà, make localmodconfig. Ohun tó ń ṣe ni pé ó máa wo inú ẹ̀rọ yín, á wo àwọn driver tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú yẹn, á sì pa gbogbo m tó kù dà sí n. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Iṣẹ́ tó fẹ́ gbà mí ní gbogbo òru di iṣẹ́ ogójì ìṣẹ́jú. Mo yọ̀. Mo pa ẹ̀rọ, mo tàn án padà, ìwé funfun kún ojú rẹ̀, ó parí síbi tó ti sọ pé Kernel panic, òun ò rí ibi tí dísìkì wà. Ẹ̀bi mi ni. Driver tó ń ka dísìkì jẹ́ m, ìyẹn ni pé ẹ̀gbẹ́ kan ló dúró sí. Mi ò sì ṣe initramfs, àpò kékeré tó yẹ kó gbé e dé ọ̀dọ̀ ekùrọ́ kí dísìkì tó ṣí. Bí ẹni ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ inú ilé tó wá dúró síta.

Mo gba GRUB padà sórí ekùrọ́ àtijọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá gbàgbé nínú ìròyìn mi yìí, ẹ má gbàgbé èyí: ẹ kì í pa ekùrọ́ àtijọ́ rẹ́ kí tuntun tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Mo ṣe initramfs, mo tún tan ẹ̀rọ. Ó wọlé lọ́tẹ̀ yìí. Touchpad ò ṣiṣẹ́. Localmodconfig ti gbá m mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo fi òru wá dànù, torí pé nígbà tó wo inú ilé, àwọn mẹ́rin yẹn ò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ó tún gbá rndis_host mọ́ wọn, driver tí mo fi ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ara fóònù, nítorí mi ò so fóònù mọ́ ọn nígbà tó ń kà wọ́n. Aago mẹ́ta òru. Ẹ̀rọ tuntun, ekùrọ́ tuntun, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí touchpad, àpilẹ̀kọ kù sí ìdajì. Orí ekùrọ́ àtijọ́ ni mo padà sí, pẹ̀lú mouse mi. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni mo fi àpilẹ̀kọ náà ránṣẹ́, ẹ má bi mí bó ṣe dùn sí.

Ọjọ́ Àìkú ni mo tó ṣe é bó ṣe yẹ. Mo so gbogbo ohun tí mo ní mọ́ ọn: fóònù, mouse, flash, ìyá earpiece. Mo ṣe localmodconfig ṣáájú, mo wá fi m mẹ́rin sí i lẹ́yìn rẹ̀. Mo se é. Mo tan ẹ̀rọ. Mo gbé ìka lé pátákó, ọfà kékeré sì rìn kọjá lójú ẹ̀rọ. Mo pariwo débi pé ọmọ aládùúgbò wá kanlẹ̀kùn.

Mo mọ ohun tí ẹnì kan fẹ́ sọ. Kí ló dé tí o ò kàn fi Ubuntu sí i? Àwọn yẹn ti fi m sí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo nǹkan, touchpad á kàn ṣiṣẹ́ ni. Òótọ́ ni, mi ò ní jiyàn. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rọ tó kàn máa ṣiṣẹ́, ohun tí màá ní kẹ́ ẹ ṣe nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú yín ò ní nílò láti se ekùrọ́ fúnra yín láéláé. Mi ò sì ní tan yín pé Linux á gba gbogbo ẹ̀rọ: àwọn Wi-Fi kan wà tó jẹ́ pé bí driver wọn tiẹ̀ wà, firmware tí wọ́n ń jẹ sí i, ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ló wà, bí wọ́n bá kọ̀ láti fi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ pin.

Àwọn tó ń kọ ekùrọ́ náà máa ń pa ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀rọ àtijọ́ dé pẹ̀lú. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Helsinki, ra kọ̀ǹpútà oní-386 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1991, ó sì kọ ekùrọ́ tó bá ẹ̀rọ yẹn nìkan mu. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó wà nílé rẹ̀ ló kọ ọ́ fún. Nígbà tó di oṣù kejìlá ọdún 2012, wọ́n yọ 386 kúrò, ẹ̀dà 3.8 tó jáde ní 2013 ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ̀rọ tó bí i kò lè gbé e mọ́. Àmọ́ ẹ̀dà tó ṣáájú ìyẹn ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìlà rẹ̀, ẹni tó bá ní 386 nílé lónìí lè wà á wálẹ̀, kó dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró, wọn ò kó irinṣẹ́ lọ.

Ìwé òfin ni mo kà ní yunifásítì, kì í ṣe kọ̀ǹpútà, ibi tí mò ń lọ látàárọ̀ nìyí. Fóònù Android tó wà lọ́wọ́ yín báyìí, ekùrọ́ Linux kan náà ló wà nínú rẹ̀. Láti 1992 ni Torvalds ti fi ekùrọ́ náà sábẹ́ ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní GPL, ẹ̀dà kejì ló wà lábẹ́ rẹ̀ lónìí. Ìwé àṣẹ náà ò le. Ẹ lè lò ó, ẹ lè tún un ṣe, ẹ lè tà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi èyí tẹ́ ẹ ti sè tán lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ẹ gbọ́dọ̀ fún un ní ìlà tẹ́ ẹ fi sè é, tàbí kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ máa fún ẹnikẹ́ni tó bá bèèrè, ó kéré tán fún ọdún mẹ́ta. Ó tún ní kì í ṣe ìlà nìkan, àwọn àkọsílẹ̀ tó ń darí bí wọ́n ṣe sè é àti bí wọ́n ṣe gbé e sórí ẹ̀rọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Lójú tèmi, .config wà nínú ìyẹn.

Mo ti béèrè rí. Fóònù mi àná, tí àtúnṣe ò dé sí mọ́, mo kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, mi ò ní dárúkọ wọn, mo ní kí wọ́n fi ekùrọ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Èsì tí wọ́n fún mi ni pé kí n lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe tó bá sún mọ́ mi jù lọ.

Ṣé èèyàn lè pè wọ́n lẹ́jọ́? Níbòmíràn, wọ́n ti ṣe é. Ní 2004, kọ́ọ̀tù kan ní Munich, ní Jámánì, gbè sẹ́yìn Harald Welte, ọ̀kan lára àwọn tó kọ Linux, lórí ilé-iṣẹ́ Sitecom tó ń ta router tí Linux wà nínú rẹ̀ láì tẹ̀ lé GPL. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, àwọn èèyàn rí i pé Linux ló wà nínú router WRT54G ti Linksys, wọ́n fẹ̀sùn kàn wọ́n títí wọ́n fi tú ìlà rẹ̀ síta. Látinú ìlà yẹn ni OpenWrt ti jáde, tí ọ̀pọ̀ fi ń sọ router àtijọ́ di tuntun dòní. Ní 2021, Software Freedom Conservancy pe Vizio lẹ́jọ́ ní California lórí tẹlifíṣọ̀n, kì í ṣe bí ẹni tó kọ Linux, bí oníbàárà tó ra ọjà lásán ni, pé òun náà lẹ́tọ̀ọ́ sí ìlà yẹn.

Níbí, ọ̀nà oníbàárà yẹn há. Òfin àdéhùn tí a jogún lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ẹni tí kò sí nínú àdéhùn, kò lè fi àdéhùn náà pejọ́. Àárín ẹni tó kọ ekùrọ́ àti ẹni tó ṣe fóònù ni GPL wà; ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra fóònù, ìta lẹ wà. Àmọ́ ẹni tó kọ ọ́ ńkọ́? Òfin Copyright ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 2023, ka software mọ́ iṣẹ́ ìwé kíkọ, bí ìwé ìtàn. Nàìjíríà ti wà nínú àdéhùn Berne láti 1993, nítorí náà iṣẹ́ ará Finland ní ààbò níbí bíi ti ará Abẹ́òkúta. Federal High Court ni irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń lọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń kọ code dá etí sí nìyí. Àwọn tó ń kọ Linux kì í gba ẹ̀tọ́ yín lọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá gba ìlà yín wọlé, orúkọ yín ló wà lábẹ́ rẹ̀, Signed-off-by, ẹ̀tọ́ orí ìlà yẹn sì ṣì jẹ́ tiyín. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó kún ìlú yìí, touchpad kan ṣì wà tí kò ṣiṣẹ́, sípíkà kan ṣì wà tó yadi, káàdì kan ṣì wà tí nọ́ńbà rẹ̀ kò sí nínú driver tó yẹ kó mọ̀ ọ́n. Nígbà mìíràn, ìlà kan péré ni àtúnṣe rẹ̀, nọ́ńbà tuntun tí wọ́n fi kún àtẹ. Mi ò sọ pé ìlà kan á gbé yín dé iwájú adájọ́. Ìlà kan ò tó iṣẹ́ tí òfin ń dáàbò bò. Ṣùgbọ́n odindi driver tó. Ọmọ Nàìjíríà tó bá kọ driver sínú Linux, tí fóònù tí wọ́n ń tà n'Ìkẹjà sì gbé driver yẹn, ó ní ohun tí gbogbo oníbàárà tó kù ò ní: locus standi, ẹsẹ̀ tó lè fi dúró ní kọ́ọ̀tù. Ẹjọ́ yẹn, èmi fẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè é, kódà bí mo bá kàn ń gbé báàgì lọ́yà.

Ìjọba náà ní tirẹ̀. Ẹ rántí Ọpọ́n Ìmọ̀ tí Ọ̀ṣun gbé fún àwọn ọmọ iléèwé girama ní 2013, tábílẹ́ẹ̀tì Android tí ìwé àti ìbéèrè ìdánwò wà nínú rẹ̀. Èrò tó dáa ni, mo sì gbà pé ìpínlẹ̀ mìíràn á tún ṣe irú rẹ̀, bó pẹ́ bó yá. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìwé kọ́ńtíráàtì tọ̀tẹ̀ yìí, ìpínrọ̀ kan péré ni mo ń bẹ̀ ẹ́ kó fi sí i: kí ẹni tó ń tajà kó ìlà ekùrọ́ àti .config rẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́ kó tó gba owó tó kù. Kì í ṣe oore tí a ń tọrọ, GPL ti pa á láṣẹ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí olùtajà bá wá dáwọ́ àtúnṣe dúró lọ́dún kẹta, àwọn ọmọ yunifásítì ìpínlẹ̀ yẹn á ní ohun tí wọ́n máa fi ṣiṣẹ́. Láìsí ìpínrọ̀ yẹn, ẹ kàn ń ra ike tó ní déètì tí wọn ò kọ sára rẹ̀ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo padà sí Otigba. Mo gbé láptọ́ọ̀pù náà síwájú ọmọkùnrin yẹn, mo ní kó fìka yí i. Ó yí i, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tẹ́ ẹ gbé wá níjọ́sí kọ́ nìyí." Mo ní òun ni. Ó fa ẹ̀rọ mẹ́ta yọ lábẹ́ tábìlì, irú rẹ̀ gan-an, ìran kẹfà kan náà, tí kò rẹ́ni rà látìgbà tí Windows 10 ti parí. Ó ní ṣé n lè fi sórí wọn. A jókòó títí di ìrọ̀lẹ́, mo fi sórí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí mo ṣe ń kó ẹrù mi, ó bi mí pé èló ni. Mo ní ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ mo nawọ́ flash kan sí i. Ó bèèrè pé kí ló wà nínú rẹ̀. Mo ní ìlà ekùrọ́ náà ni, àti .config tí mo lò, torí mo ti gbé e lé e lọ́wọ́ báyìí, òfin ti mú mi. "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" Mo ní kò kàn mí, kó ṣáà gbà á, bó bá sì ta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún àwọn tó bá rà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀ tó ń kó ṣéńjì sí.